Àbọ̀ ìròyìn: owó iṣẹ́ náà ti wọlé, ọ̀rọ̀ lien (ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ lórí ilé tó ṣiṣẹ́ sí, nítorí owó tí wọn kò tíì san) náà sì ti parí

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin tí ẹ gbà mí nímọ̀ràn nígbà tí mo kọ ọ́ pé agbaṣẹ́ṣe àgbà tó gbé iṣẹ́ wáyà iná fún mi ní California kò san owó tó kù, tó sì ní kí n kọ́kọ́ bu ọwọ́ lùwé pé mo ti gbà á tán.

Òfin ìpínlẹ̀ náà ní irú ìwé mẹ́rin tí a fi ń jọ̀wọ́ ẹ̀tọ́ lien, àwọn kan ní májẹ̀mú, àwọn kan kò ní. Èyí tí wọ́n ní kí n fọwọ́ sí kò ní májẹ̀mú, ó sì lè gba ẹ̀tọ́ ẹni lọ́wọ́ ẹni bí owó kò tilẹ̀ tíì dé. Mo kọ̀ ọ́. Èyí tó ní májẹ̀mú ni mo fi ránṣẹ́, mo kọ iye owó àti orúkọ ẹni tí yóò kọ sọ̀wédowó sínú rẹ̀, nítorí kò lágbára àfi tí báńkì bá san owó náà.

Onílé gan-an ló mú ọ̀rọ̀ yá. Ó ti gba ìwé ìfitónilétí tí òfin ní kí a fi ránṣẹ́ láàárín 20 ọjọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó sì mọ̀ pé lien lè mú òun san owó kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ṣọ́ ọjọ́ o: láàárín 90 ọjọ́ lẹ́yìn tí iṣẹ́ parí ni a ní láti forúkọ lien sílẹ̀, ṣùgbọ́n bí onílé bá forúkọ ìwé ìparí iṣẹ́ sílẹ̀, ó di 30 ọjọ́ lẹ́yìn ìforúkọsílẹ̀ yẹn fún àwa tí a gbaṣẹ́ lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe àgbà.

Lẹ́yìn tí owó wọlé sí báńkì ni mo tó fọwọ́ sí ìwé tí kò ní májẹ̀mú.