Ọjọ́ kan péré ní Abẹ́òkúta: ibo ni kí a ti bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè láti ọwọ́ Arìnrìnàjò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Èkó ni mo ń gbé, mo sì fẹ́ mú ìyá mi, tí ọjọ́ orí wọn ti lé ní àádọ́rin ọdún, àti àwọn ọmọ mi méjì lọ sí Abẹ́òkúta ní ọjọ́ Sátidé kan, kí a lọ ní òwúrọ̀ kí a sì padà ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, wọ́n kó wa lọ sí Olúmọ. A sáré gun òkè, a ya fọ́tò, a jẹ ìrẹsì tí a gbé láti ilé, a sì wọ ọkọ̀ padà. Títí di òní olónìí, tí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni mo rí níbẹ̀, àpáta nìkan ni mo lè dárúkọ, n kò sì fẹ́ kí ti àwọn ọmọ mi rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ibo ni kí a kọ́kọ́ lọ? Ǹjẹ́ ìyá mi lè bá wa gòkè? Oúnjẹ wo ni ó jẹ́ ti àwọn Ẹ̀gbá gan-an? Ìyá mi sì ti pinnu pé àwọn yóò ra àdìrẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má ta aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ fún wọn.

Èsì láti ọwọ́ Ọmọ Aké

Ẹ kú ìmúra ìrìn àjò. Èrò tèmi ni pé kí ẹ má ṣe kọ́kọ́ lọ sí Olúmọ rárá, nítorí ẹni tí kò bá tíì mọ ohun tí ó lé àwọn Ẹ̀gbá débẹ̀, òkúta lásán ni yóò rí, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀yin náà. Aké ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ààfin Aláké, ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́ àti gbọ̀ngàn Centenary, tí wọ́n kọ́ ní 1930 láti fi sàmì ọgọ́rùn-ún ọdún tí a tẹ ìlú náà dó, kò jìnnà síra wọn, ìyá sì lè fẹsẹ̀ rìn ín pẹ̀lú ìsinmi díẹ̀díẹ̀.

Ìtàn kan wà tí mo máa ń sọ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì náà fún ẹnikẹ́ni tí ó bá mú ìyá rẹ̀ wá. Ní 1821 ni àwọn amúnilẹ́rú kó ọmọdékùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí ní Òṣogùn, tí wọ́n sì yà á kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Wọ́n tà á láti ọwọ́ kan dé òmíràn títí ó fi dé inú ọkọ̀ ojú omi àwọn Pọtogí, kí ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á sílẹ̀, tí wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró (Sierra Leone). Nígbà tí òun àti Henry Townsend, àjíhìnrere Gẹ̀ẹ́sì, dé Abẹ́òkúta ní 1846 láti dá iṣẹ́ ìjọ sílẹ̀, ó ti di àlùfáà, Samuel Àjàyí Crowther ni wọ́n sì ń pè é. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà ni ìyá rẹ̀, Àfàlà, gbọ́ pé ọmọ òun wà ní ìlú, ó sì wá a wá. Ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ti kọjá. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn, ọ̀rọ̀ kò sì jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ní 1848, ìyá náà wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìrìbọmi fún ní Abẹ́òkúta. Ẹ sọ èyí fún àwọn ọmọ yín nígbà tí ìyá àgbà wọn bá dúró tì wọ́n, kí ẹ wá wò ó bóyá wọn yóò gbàgbé.

Ìlú yìí kan náà ni Townsend ti tẹ Ìwé Ìròhìn, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá, jáde ní oṣù kejìlá 1859, ó sì ń jáde títí di 1867 tí wọ́n lé àwọn òyìnbó kúrò ní ìlú. Gbogbo àwa tí a ń fi Yorùbá bá ara wa sọ̀rọ̀ ní orí ìwé, a jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ní iwájú ààfin, ẹ sọ fún wọn nípa àwọn obìnrin ọjà tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣáájú, tí wọ́n tako owó orí, tí wọ́n fi orin àti ìjókòó dí ẹnu ọ̀nà ààfin, títí tí Aláké Adémọ́lá Kejì fi fi orí oyè sílẹ̀ ní oṣù kìíní 1949. Ẹ má kàn wọ inú ààfin o. Ẹ béèrè àyè lọ́wọ́ àwọn tí ẹ bá bá ní ẹnu ọ̀nà.

Èsì láti ọwọ́ Àgbà Ìkìjà

Mo bọ̀wọ̀ fún Ọmọ Aké, ṣùgbọ́n oòrùn kò mọ ìtàn. Bí ẹ bá fi ọkọ̀ ojú irin wá láti Èkó, èyí tí mo rò pé àwọn ọmọ yóò fẹ́, ibùdókọ̀ tí a fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè kò sí ní àárín ìlú. Ẹ óò tún wọ ọkọ̀ mìíràn kí ẹ tó dé ibi tí a ń wí. Bí ẹ bá wá fi gbogbo òwúrọ̀ sí Aké, ọ̀sán gangan ni ẹ óò máa gun àpáta, òkúta náà yóò sì ti gbóná bí agbada. Olúmọ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kí ẹ sọ ìtàn nínú ọkọ̀.

Ní ti ìyá, àtẹ̀gùn wà, ẹ̀rọ tí ń gbé ènìyàn ròkè náà wà, ẹ kàn béèrè bóyá ó ń ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ náà kí ẹ tó gbọ́kàn lé e. Ṣùgbọ́n bí ìyá kò bá gòkè, wọn kò pàdánù ohun púpọ̀. Orí òkè kọ́ ni ìtàn wà, abẹ́ rẹ̀ ni, orúkọ ìlú náà ti sọ ọ́ fún wa. Nígbà tí ogun tú ìgbẹ́ Ẹ̀gbá ká, tí Ṣódẹkẹ́, olórí wọn, sì kó àwọn tó ṣẹ́kù dé ibí ní 1830, inú ihò tí ó wà ní abẹ́ àpáta ni wọ́n sá pamọ́ sí. Ẹ jẹ́ kí ìyá jókòó níbẹ̀, kí wọ́n wo ojú kòtò kéékèèké tí àwọn obìnrin fi ń lọ nǹkan ọbẹ̀ lórí òkúta. Àwọn ènìyàn a máa fọ́nnu pé mítà 137 ni àwọn gùn. Láti ojú òkun ni a ti wọn iye yẹn, kì í ṣe láti ẹsẹ̀ àpáta.

Kí àwọn ọmọ gòkè ní tiwọn, kí wọ́n wo òrùlé páànù tí ó ti dípẹtà lọ rẹrẹẹrẹ, àti Odò Ògùn tí ó gba àárín ìlú kọjá. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ fún wọn pé kì í ṣe ìlú kan ni wọ́n ń wò. Ẹ̀gbá Aké, Òkè-Ọnà, Gbágùrá àti Òwu ni ó para pọ̀ níbẹ̀, ìdí rẹ̀ nìyí tí ọba mẹ́rin, Aláké, Ọ̀ṣilẹ̀, Àgùrá àti Olówu, fi wà nínú ìlú kan ṣoṣo. Àwọn àdúgbò bí Ìkìjà, Kémta, Ìjẹùn, Ìgbẹìn àti Ìtòkú, orúkọ àwọn ìlú tí ogun tú ni wọ́n ń jẹ́. Àwọn tó sá wá kò ní ilé mọ́, wọ́n sì gbé orúkọ ilé wọn wá tẹ̀ dó sí ibi tí wọ́n sùn. Lójú tèmi, kò sí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Abẹ́òkúta tí ó ju àwọn pátákó àdúgbò wọ̀nyẹn lọ, ọ̀fẹ́ sì ni wíwò wọn.

Èsì láti ọwọ́ Ọmọ Aláró

Láti Olúmọ, ẹ sọ̀kalẹ̀ sí ọjà àdìrẹ ní Ìtòkú, ẹ kò ní rìn jìnnà rárá. Ẹ má bínú sí àwọn tí ń lo àwọ̀ òyìnbó àti àbẹ́là gbígbóná dípò ẹ̀lú, ewé tí a fi ń ṣe aró, àti ẹ̀kọ. Iṣẹ́ ọwọ́ náà ni, àwọn ló sì pọ̀ jù lọ́jà báyìí. Èyí tí ẹ ní láti sá fún ni aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ tí wọ́n ń pè ní àdìrẹ. Ẹ yí aṣọ náà sí ẹ̀yìn. Ti ẹ̀rọ, ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń ṣì, bí ẹni pé àwọ̀ kò wọnú rẹ̀, bátànì rẹ̀ sì máa ń bára mu láìsí àṣìṣe kankan. Ti oníko àti alábẹ́rẹ́, tí a fi okùn dì tàbí tí a rán kí a tó rẹ ẹ́ sínú aró, ẹ óò rí ojú ihò abẹ́rẹ́ tàbí ìfunjọ lára rẹ̀. Ẹlẹ́kọ ni ó máa ń dojú rú àwọn ènìyàn: ojú kan ni a ń kun ẹ̀kọ sí kí aró má baà wọ ibẹ̀, nítorí náà ẹ̀yìn rẹ̀ a máa ṣú ju iwájú lọ. Bí ìyá bá rí èyí tí a fi ìyẹ́ adìyẹ ya, kí wọ́n má ṣe nájà rẹ̀ jù. Ọjọ́ púpọ̀ ni ẹnìkan fi tẹ̀ba lórí rẹ̀.

Láfún, oúnjẹ tí ẹ óò jẹ ní ọ̀sán, ni a fi ń ro ẹ̀kọ yẹn o.

Èsì láti ọwọ́ Ọ̀jẹun

Ọmọ Aláró ti gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi. Ẹ béèrè láfún, ẹ má sọ àmàlà lásán, kí wọ́n má baà gbé ti èlùbọ́ iṣu wá. Gbáàgúdá tí a rẹ, tí a sá gbẹ, tí a sì lọ̀ ni. Funfun ni, ó sì máa ń fà díẹ̀. Ewédú àti ọbẹ̀ ata tí irú wà nínú rẹ̀ ni mo fi ń jẹ ẹ́. Bí àwọn ọmọ bá kọ̀ ọ́, kí ẹ ra ìrẹsì ọ̀fadà tí a wé sínú ewé fún wọn. Ìlú Ọ̀fadà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn níbí ni ó ti gba orúkọ rẹ̀. Búkà tí àwọn awakọ̀ àti àwọn ọlọ́jà pọ̀ sí ni kí ẹ wọ̀, kí ó sì tó di aago méjì, kí ìkòkò tó gbẹ.

Arìnrìnàjò padà wá

Ẹ ṣeun púpọ̀, a ti lọ, a sì ti bọ̀. Ètò Àgbà Ìkìjà ni mo fi rìn, ṣùgbọ́n ìtàn Ọmọ Aké ni mo sọ nínú ọkọ̀ ojú irin, ìyá mi ni ó sì sunkún nígbà tí mo dé ibi tí Àfàlà ti rí ọmọ rẹ̀. Wọn kò gòkè. Wọ́n jókòó sí abẹ́ àpáta, wọ́n bá obìnrin arúgbó kan tí wọ́n bá níbẹ̀ sọ̀rọ̀ títí a fi sọ̀kalẹ̀, wọn kò sì sọ ohun tí wọ́n sọ fún wa. Ọmọ mi àgbà ka pátákó àdúgbò mọ́kànlá kí ó tó sùn lọ. Àbúrò rẹ̀ kọ láfún, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti wí. A kò dé inú ààfin, ilẹ̀ ti ń ṣú.

Ìbéèrè kan ni ó kù. Ìyá mi ra ẹlẹ́kọ aláró dúdú kan, ó sì ti rẹ ọwọ́ wọn méjèèjì. Báwo ni a ṣe lè fọ̀ ọ́?

Èsì láti ọwọ́ Ọmọ Aláró

Ẹ kí ìyá fún mi. Kí wọ́n rẹ ẹ́ sínú omi tútù tí a bu iyọ̀ sí, òun nìkan, kí wọ́n má fi aṣọ funfun sí i. Kí wọ́n ṣàn án títí omi yóò fi mọ́, kí wọ́n sì sá a sí ibòji. Ọwọ́ wọn yóò mọ́ láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Ti ìyá tèmi kò mọ́ rí.