Búrẹ́kì tírélà tó ń gbóná ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ẹ̀fọ̀n

Ẹ kú ewu ọ̀nà o, ẹ̀yin ọ̀gá awakọ̀. Adó-Èkìtì sí Èkó ni ọ̀nà tírélà yìí, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, pákó tọ́ọ̀nù 30 lẹ́yìn rẹ̀. Tó bá ti kọjá Ìtawúrẹ́, tó ń sọ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, búrẹ́kì ẹ̀yìn á máa rùn, ọwọ́ géèjì afẹ́fẹ́ búrẹ́kì á sì já láti bar 8 sí 5. Jíà kẹrin la fi ń sọ̀ ọ́, a kì í yọ ọ́ kúrò ní jíà. Láínìn búrẹ́kì, èyí tó ń fún mọ́ dírọ́ọ̀mù láti dá táyà dúró, tuntun ni. Àwọn kan ní ká da omi sí dírọ́ọ̀mù. Irin gbígbóná, omi tútù, ṣé kò ní sán ni? Ṣé ká sọ̀ ọ́ ní jíà kẹta ni, àbí slack adjuster, apá irin tá a fi ń tún àlàfo láínìn àti dírọ́ọ̀mù ṣe, ni kò dọ́gba? Ínṣì mélòó ló yẹ kí ọ̀pá tó ń ti slack adjuster yìí jáde tá a bá tẹ búrẹ́kì?