Ìbọn ọ̀dà tó ń yára ju ìka lọ: ẹ wá sọ ohun tí ojú yín ti rí nínú ìdíje

Ará Maryland

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Àwa ọmọ Yorùbá tó ń ṣeré paintball, eré tí a ti ń fi ìbọn yin ọta ọ̀dà lu ara wa, kò pọ̀, àmọ́ mo mọ̀ pé a wà. Ọ̀rọ̀ ìbọn tó ń yìn láìdánu dúró yìí ni mo fẹ́ ká jọ sọ.

Tèmi rèé. Ìdíje kékeré kan ni, ẹni márùn-ún kọjú sí ẹni márùn-ún. Òfin ni pé bí èèyàn bá fa tírígà lẹ́ẹ̀kan, ọta kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ jáde. Wọ́n yẹ ìbọn gbogbo wa wò ká tó wọlé, gbogbo rẹ̀ ló sì yege. Bí eré ṣe bẹ̀rẹ̀, ohùn ìbọn ọmọkùnrin kan lápá òsì wọn yí padà. Mo ń gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn bọ́ńkà mi, ìyẹn ohun tí a ń sá pamọ́ sí lórí pápá. Ìka èèyàn a máa yára, a máa falẹ̀. Tiẹ̀ dọ́gba délẹ̀, kò sinmi. Mo ké sí rẹfirí, kò rí nǹkan ṣe sí i. Etí nìkan ló ní, etí kì í sì í ṣe ẹ̀rí. Nígbà tí wọ́n tún ìbọn náà yẹ̀ wò lẹ́yìn eré, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń yìn. Ẹni tó bá mọ bọ́ọ̀dù, kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí ìbọn wọ̀nyí, mọ̀ pé èèyàn lè fi ètò pamọ́ síbẹ̀, tó jẹ́ pé ọ̀nà kan pàtó téèyàn gbà tẹ bọ́tìnnì ló ń tan án, tí á sì lọ bí wọ́n bá ti pa ìbọn. N kò lè fẹ̀sùn kan ọmọ náà, n kò rí i pẹ̀lú ojú mi. Wọ́n gba ife-ẹ̀yẹ lọ, títí dòní a ò mọ̀ bóyá ó tọ́ sí wọn. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ẹ̀gbọ́n Houston

Àbúrò, o ṣeun tó o dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Nígbà tí àwọn ọkùnrin 12 kọ́kọ́ ṣeré yìí nínú igbó ní Henniker, New Hampshire, ní oṣù kẹfà ọdún 1981, Nelspot 007 ni wọ́n lò, ìbọn tí àwọn oníṣẹ́ igbó fi ń sàmì sára igi. Ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ máa fa ọta sẹ́nu rẹ̀ kẹ́ ẹ tó lè yìn ín. Ritchie White tó borí lọ́jọ́ náà kò tiẹ̀ yìnbọn rárá, àsíá ló ń kó jọ láìjẹ́ kí wọ́n rí òun. Ẹ̀yìn ìyẹn, láàárín àwọn ọdún 1990, ni bátìrì wọ inú ìbọn, Shocker ní Amẹ́ríkà, Angel láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tírígà wá di ohun tí a kàn ń fọwọ́ bà.

Mo ṣeré nínú ìdíje NPPL, ọ̀kan lára àwọn líìgì paintball ní Amẹ́ríkà, nígbà tí kò sí gbèdéke kankan lórí iye ọta, bó bá ti lè jẹ́ pé ìka yín ló fà á. Ìka méjì la fi ń jó lórí tírígà. Mo máa ń jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n lálẹ́, ìbọn òfìfo lọ́wọ́, máa kọ́ ìka mi títí ọrùn ọwọ́ á fi máa ro mí. Àwọn PSP, líìgì mìíràn, ní tiwọn fàyè gba ramping: ẹ bá ti fà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, bọ́ọ̀dù á máa bá yín fi kún un títí dé 15 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Inú bí mi nígbà náà, inú ṣì ń bí mi. Ẹni tó fi oṣù gbọọrọ kọ́ ìka rẹ̀ àti ẹni tó ra ìbọn lánàá wá di ọgbọọgba. Ẹ̀tọ́ wo ló wà nínú ìyẹn?

Atúnbọnṣe

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mo fẹ́ ta kò yín. Kì í ṣe gbogbo ìbọn tó ń yìn ju bó ṣe yẹ lọ ló jẹ́ ti olè. Bí tírígà bá fúyẹ́ jù, tí ìbọn bá yìn, ó máa ń mì, tírígà á sì tún gbá ìka fúnra rẹ̀, suwíìṣì inú rẹ̀ á kà á sí pé ẹ tún fà á. Ẹ fà á lẹ́ẹ̀kan, ọta méjì tàbí mẹ́ta ti jáde. Nọ́ńbà kan wà nínú bọ́ọ̀dù tó ń sọ bí suwíìṣì ṣe gbọ́dọ̀ sinmi tó kó tó gba àṣẹ mìíràn. Bó bá ti kéré jù, wàhálà dé. Wọ́n gbé ìbọn ọmọdé kan wá sọ́dọ̀ mi tí wọ́n ti lé ọmọ náà kúrò nínú ìdíje, ó ń sunkún pé òun ò mọ nǹkan kan. Mo gbé nọ́ńbà yẹn sókè lójú rẹ̀, ìbọn náà sì gbọ́ràn.

Báwo ni rẹfirí ṣe máa mọ ìbọn ọmọ yìí yàtọ̀ sí èyí tí Ará Maryland gbọ́? Kò lè mọ̀ ọ́n. Ramping tó ní gbèdéke ló bá wa yanjú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó tún ń béèrè bóyá ìka ni àbí ẹ̀rọ. Ṣé ó kọjá iye tí òfin sọ? Ìyẹn nìkan ló kù, ẹ̀rọ sì lè wọ̀n ọ́n.

Rẹfirí

Òótọ́ ni Atúnbọnṣe sọ. Láti ọta 15 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni wọ́n ti ń sọ ọ́ kalẹ̀, ó dé 12.5, ní báyìí líìgì NXL fi í sí 10.2. Bí ọta bá ba èèyàn, kó tó gbọ́wọ́ sókè, kí ẹni tó ń yìnbọn fún un tó dáwọ́ dúró, ìdajì ìṣẹ́jú àáyá lè ti lọ. Ní 15, ọta méje nìyẹn. Ní 10.2, márùn-ún. Mo ti rí ọrùn àwọn tó gba méje, n kò fẹ́ tún rí i.

Àmọ́ eré tí ọta fi ń sá ló lágbára jù. Ẹsẹ̀ bàtà 300 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni gbèdéke, àwọn pápá mìíràn kì í gbà ju 280. Atẹ́gùn ló ń ti ọta jáde, ìbọn tó ń yìn kíákíá sì ń jẹ ẹ́ kíákíá. Bí rẹ́gúlétọ̀ rẹ̀, ohun tó ń ṣètò agbára atẹ́gùn, kò bá gbé e, ọta á bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́ lọ́nà. Kí ni àwọn kan wá ń ṣe? Wọ́n á yí agbára ìbọn sókè kí ọta tó gbẹ̀yìn lè dé ibi tí wọ́n fẹ́. Nígbà náà, ọta àkọ́kọ́, èyí tó jáde nígbà tí atẹ́gùn ṣì kún inú ìbọn, á kọjá 300. Òun gan-an ló sì máa ń bá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú lẹ́yìn bọ́ńkà. Ìdí nìyí tí n kì í fi í wọn ìbọn lẹ́nu ọ̀nà nìkan. Orí pápá ni mo ti ń gbé ẹ̀rọ sí i, ẹni náà ṣì ń mí hẹlẹhẹlẹ. Bó bá ti kọjá, kó jáde, kí tíìmù rẹ̀ fi ẹnìkan dín ṣeré.

Ìyá Ọlọ́mọkùnrin

Ẹ káàárọ̀ o. Ọmọ mi ti pé ọdún 14, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìdíje. Mo tẹ̀ lé e lọ. Orí pápá kò bà mí lẹ́rù tó ibi tí wọ́n ti ń sinmi: ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti ṣí ìbòjú rẹ̀ sókè, ẹlòmíràn jókòó tì í, ìbọn lórí itan, kò sí nǹkan kan lẹ́nu rẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kó rí?

Rẹfirí

Rárá o, mà. Ibi tí èèyàn ti ṣí ìbòjú ni ojú ti ń fọ́ jù. Tírígà tí a kàn ń fọwọ́ bà kò mọ̀ pé eré ti parí. Bó bá ti kúrò lórí pápá, kó fi àpò dé ẹnu ìbọn, kó sì pa á. Ẹ wo ara ìbòjú tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà, kí ASTM F1776 wà níbẹ̀, àmì pé ó bá ìlànà ààbò ojú fún paintball mu. Bí dígí rẹ̀ bá ti sán tàbí tí ọta bà á nítòsí gan-an, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Houston

Ìyá wa, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ fi ìbọn tí kò ní bátìrì bẹ̀rẹ̀. NXL náà ní ìdíje tirẹ̀ fún un, ibẹ̀ ni mo ti ń ṣeré báyìí. Kò sí bọ́ọ̀dù, kò sí ètò ìkọ̀kọ̀. Ìka nìkan.

Atúnbọnṣe

Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn kan nínú ìbọn yẹn náà wà tó jẹ́ pé bí èèyàn bá di tírígà mú láàárín méjì, kò fà á tán, kò sì jù ú sílẹ̀, á máa yìn fúnra rẹ̀. Ẹ sọ fún àwọn rẹfirí yín kí wọ́n gbé ẹ̀rọ wá síbẹ̀ náà.