Nígbà tí ọmọ wà ní tíátà, ìyẹn yàrá iṣẹ́ abẹ, kí lẹ rí lórí fóònù yín?

Ìyá Ìbejì:
Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi. Kẹ́hìndé mi ṣe iṣẹ́ abẹ ìpá nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 4. Ilẹ̀ ọ̀la ló máa mọ́ la ó lọ, ni ẹbí bá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ohùn kan sórí gúrúùpù WhatsApp wa. Ẹnì kan tí n kò mọ̀ rí ló ń sọ níbẹ̀ pé bí omi bá fi lè kan ẹnu ọmọ láti àṣálẹ́, kò ní jí mọ́. Mo kó gbogbo ife pamọ́. Kódà, kọ̀rọ̀ ni mo ti ń fún Táyé lómi. Láti aago 7 alẹ́ títí di aago 11 àárọ̀, Kẹ́hìndé ń bẹ̀bẹ̀ omi, èmi náà ń nu ojú.

Nígbà tí dókítà akunilóorun bi mí pé ìgbà wo ló mu omi kẹ́yìn, tí mo sọ fún un, ó ní, "Màmá, ṣé ẹ ò rí ohun tá a fi ránṣẹ́ sí yín ni?" Wọ́n ti fi ránṣẹ́ lóòótọ́! Oúnjẹ àti wàrà inú agolo, kó dáwọ́ rẹ̀ dúró ní wákàtí 6 ṣáájú iṣẹ́ abẹ. Omi lásán, ó lè mu ún títí tó fi máa ku wákàtí 2. Àdúrà àti àmín ẹbí ló bò ó mọ́lẹ̀ nínú fóònù mi.

Bàbá Wúrà:
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Èmi ò lè bú fóònù o, fídíò ló gbà mí. Bẹ́lúbẹ́lú ni wọ́n gé fún Wúrà. Nínú fídíò tí ilé ìwòsàn fi ránṣẹ́, nọ́ọ̀sì kan sọ pé ọmọ mìíràn lè fi ariwo jí, kó máa jà, kó má mọ ìyá mọ bàbá, àmọ́ pé yóò rọlẹ̀ láìpẹ́. Mo ní àsọdùn ni. Àfi bí ọmọ mi ṣe jí tó ń fi ẹsẹ̀ gbá mi nínú! Ìyá rẹ̀ figbe ta. Èmi ń wo aago ní tèmi. Nígbà tó tó bí ogún ìṣẹ́jú, ó ní, "Dádì, ọ̀fun ń dùn mí," ó sì sùn padà.

Fídíò yẹn náà ló jẹ́ n mọ̀ pé etí lè máa ro ó bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀fun ni wọ́n fọwọ́ kàn, àti pé bí ẹ̀jẹ̀ bá yọ, ì báà jẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ilé ìwòsàn ni ká gbà lọ kíá.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì:
Àwa tá à ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ náà ti rí nǹkan. Mo kọ ọ́ sí bàbá kan pé, "Ọmọ ti sùn." Ohun tí mo ní lọ́kàn ni pé oògùn oorun ti mú un. Bàbá fi ṣọwọ́ sí ìyá rẹ̀ nílé bó ṣe rí. Ìyá àgbà kà á, ó kígbe, àwọn ará ilé ti ń tù ú nínú kí ẹnikẹ́ni tó pè wá. Láti ọjọ́ yẹn, "Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ara ọmọ le" ni mò ń kọ. N kì í kọ orúkọ ọmọ sí i pẹ̀lú, torí ẹni tó jókòó tì yín lè rí i lójú fóònù.

Ilé ìwòsàn ọmọdé Arnold Palmer ní Orlando, Amẹ́ríkà, lo áàpù kan tó ń jẹ́ EASE. Ọ̀rọ̀ àti fọ́tò á ti tíátà wọlé sórí fóònù òbí, tó bá ṣe díẹ̀, wọ́n á pòórá. Ó wù mí ká ní irú ẹ̀.

Ìyá Ìdòwú:
Ìpòórá yẹn gan-an ni! Ọkọ mi gbé fọ́tò ọmọ wa sórí Facebook, tòun ti rọ́bà nímú, pé kí wọ́n bá wa gbàdúrà. Ọmọ ọdún 12 ni. Kó tó padà sílé ìwé, gbogbo kíláàsì ti rí i. Ó bi bàbá rẹ̀ pé, "Ta ló ní kẹ́ ẹ gbé mi síbẹ̀?" Ọkọ mi pa á rẹ́, ṣùgbọ́n àwọn kan ti fi pamọ́.

Ìyá Ìbejì:
Háà! Ṣé ó ti ń dá bàbá rẹ̀ lóhùn báyìí?

Ìyá Ìdòwú:
Ó ń dá a lóhùn mà. Kò kàn jẹ́ kó ya òun ní fọ́tò mọ́ ni.