Ajá Méjì Tó Ń Bá Ara Wọn Jà Nínú Ilé Mi: Ẹ Jọ̀wọ́, Ẹ Gbà Mí Nímọ̀ràn

Ìyá Aláàdìrẹ: Ẹ̀yin ará wa, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ àwọn ajá mi ti sú mi. Ó ti pé ọdún 6 tí Tanímọ̀la ti wà lọ́dọ̀ mi, kí àbúrò ọkọ mi tó gbé Bingo dé láti Ìbàdàn láì bi mí léèrè, bí ẹni pé èmi kọ́ ni n óò máa wá oúnjẹ rẹ̀. Orí ẹní kan náà ni wọ́n jọ ń sùn tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n láti bí ọ̀sẹ̀ 3 báyìí, bí wọ́n bá ti fojú kanra, ìjà ni. Ní ìdájí ọjọ́ Ẹtì, bí mo ṣe ń ṣí géètì láti gbé ẹrù mi lọ sí ọjà àdìrẹ Ìtòkú níbí ní Abẹ́òkúta, ẹsẹ̀ mi gan-an ni wọ́n ti dìmú. Etí òsì Tanímọ̀la fàya, ẹ̀jẹ̀ sì ta sára àdìrẹ oníbàárà mi tí mo ti ká sílẹ̀. Ọkọ mi ní kí n ta ọ̀kan. Aládùúgbò mi kò kí mi mọ́ nítorí ariwo. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì, Ọbáńtókò: Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá mi. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí èmi náà, mo sì la ìjà fún odidi oṣù 4. Nígbà tó yá, mo fa èyí tó kéré lé mẹ́káníìkì kan lọ́wọ́, mo sì sunkún lọ́jọ́ náà. Ẹ ta ọ̀kan.

Bàbá Adátán: Ẹ̀yin lẹ ń bà wọ́n jẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jà á tán, kí ọ̀kan lè mọ ọ̀gá rẹ̀.

Olùtọ́jú Ẹran: Bàbá, mo bẹ̀ yín, ẹ má gbà á nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ajá tí kò rí ọ̀nà sá nínú ọgbà lè kú sẹ́nu ìjà. Ìyá, ṣé akọ ni wọ́n àbí abo? Ṣé wọ́n jọ ń jẹun ni? Ìgbà wo ni wọ́n gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi kẹ́yìn?

Ìyá Aláàdìrẹ: Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ títà sílẹ̀. Ní òru tí olè fo ògiri wa, Tanímọ̀la ló gbó títí gbogbo ilé fi jí. Abo ni àwọn méjèèjì, àwọn ọmọ ló sọ èkejì ní Bingo. Abọ́ ńlá kan ni mo ń bu oúnjẹ wọn sí, nítorí ìkòkò kan náà ló ti ń wá. N kò rí ohun tó burú níbẹ̀.

Olùtọ́jú Ẹran: Ìjà abo méjì nínú ilé kan máa ń le púpọ̀, pàápàá nígbà tí ọ̀kan bá ń fẹ́ akọ, èyí tó sábà máa ń wáyé lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3. Ẹ ya abọ́ wọn sọ́tọ̀, kí ilẹ̀kùn tí a tì wà láàárín wọn nígbà oúnjẹ. Bí ara wọn bá ti balẹ̀, kí ẹni méjì máa fi okùn mú wọn rìn níta, kí wọ́n jìnnà síra ná, kí ẹ sì máa dín àlàfo náà kù díẹ̀díẹ̀. Bí ìjà bá tún bẹ́, pákó ni kí ẹ tì bọ àárín wọn, ẹ má fi ọwọ́ sí i láéláé. Ẹ tún bi dókítà ẹran nípa yíyọ ilé ọmọ wọn. Kò lè parí gbogbo ìjà, ṣùgbọ́n yóò mú ti àkókò ìfẹ́-akọ kúrò.

Bàbá Adátán: Ajá tí a bá yọ ilé ọmọ rẹ̀ kò ní lè ṣọ́lé mọ́.

Ìyá Ìbejì, Ọbáńtókò: Kò rí bẹ́ẹ̀, Bàbá. Wọ́n ti yọ ti ajá ẹ̀gbọ́n mi ní Àṣẹ́rò, síbẹ̀ ẹni tó ń wo mítà iná kò jẹ́ wọlé láì jẹ́ pé wọ́n so ajá náà mọ́lẹ̀.

Olùtọ́jú Ẹran: Ìyá, ẹ kò tíì dáhùn ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́.

Ìyá Aláàdìrẹ: Tanímọ̀la gba tirẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 3 sẹ́yìn. Ẹni tó mú Bingo wá ní Bingo náà ti gbà á, ṣùgbọ́n n kò rí káàdì. N kò fẹ́ sọ èyí kí ẹ má baà bá mi wí: ní ọ̀sẹ̀ 5 sẹ́yìn, ajá ìgboro kan bu Bingo jẹ ní imú nídìí ààtàn. Lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, bí mo ṣe ń fa Bingo kúrò, eyín rẹ̀ wọ àtẹ́lẹwọ́ mi. Ihò kékeré 2 ni, mo sì ti fi àdí pa á.

Olùtọ́jú Ẹran: Ìyá mi, ẹ fi ọ̀rọ̀ abọ́ àti okùn sílẹ̀ ná. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ọwọ́ yẹn fún ìṣẹ́jú 15 nísinsìnyí, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn lónìí fún abẹ́rẹ́. Ẹ má dúró kí àmì kankan hàn, nítorí bí dìgbòlugi bá ti farahàn lára ènìyàn, ikú ló fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń já sí. Ìwà tó yí padà lójijì wà lára àmì rẹ̀ lára ajá. Ẹ ti àwọn méjèèjì mọ́lé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ má pa wọ́n, ẹ má sì tà wọ́n, kí dókítà ẹran lè máa ṣọ́ Bingo fún ọjọ́ 10 láti ọjọ́ tó bù yín jẹ: bóyá itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, bóyá ohùn rẹ̀ yí padà, bóyá kò lè gbé nǹkan mì. Wọn yóò sọ ohun tó kan Tanímọ̀la náà. Àwọn dókítà ẹran wà ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Alábàtà.

Bàbá Adátán: Ìyá, mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Mo ní mọ́tò. Bí ẹ kò bá rí ẹni gbé yín lọ, ẹ kọ̀wé sí mi.

Ìyá Aláàdìrẹ: Ẹ ṣeun, Bàbá, ọkọ mi ti ń bọ̀. Mo ti fọ ọwọ́ náà. Tanímọ̀la wà nínú ilé ìdáná, Bingo wà nínú yàrá ẹrù. Mo yọjú wò ó láti ojú fèrèsé: kò tíì fẹnu kan oúnjẹ àárọ̀, ṣùgbọ́n ó mu omi lójú mi.