Mo kọ ìwé FOI (òfin tó jẹ́ kí ará ìlú béèrè ìwé lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìjọba) sí àjọ tó ń fún àwọn awọnlẹ̀ níwèé àṣẹ, wọ́n ní àṣírí ni

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ Ọ̀fà:

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka tèmi, ó gùn díẹ̀.

Ẹ̀lùbọ́ ni mo ń tà lọ́jà Owódé níbí. Owó tí mo fi ọdún mẹ́sàn-án kó jọ ni mo fi ra pílọ́ọ̀tì kan lójú ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo. Mo ní mi ò ní ṣe é ní jákujàku, mo wá awọnlẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ àti òǹtẹ̀. Ó gba ₦180,000 lọ́wọ́ mi, ó ri òpó mẹ́rin mọ́lẹ̀, ó fún mi ní ìwé sọ́fè. Lọ́dún kejì, bíríkìlà ń gbẹ́ fáńdéṣọ̀n lọ́wọ́ ni ọkùnrin kan yọ pẹ̀lú ìwé tirẹ̀. A bá pe awọnlẹ̀ mìíràn. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka nu iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára òpó kan, ó ní, "Màmá, ẹ wá wò ó." Nọ́ńbà tí wọ́n fi ìṣó kọ sára sìmẹ́ńtì nígbà tó ṣì tútù parí sí 4. Ti inú ìwé mi parí sí 9. Ìwé tí mo ń tọ́jú sábẹ́ ìrọ̀rí, ti ilẹ̀ ẹlòmíràn ni.

Oṣù kejì ọdún 2024 ni mo fẹjọ́ awọnlẹ̀ àkọ́kọ́ sun àjọ wọn l'Abuja, pẹ̀lú ìwé ìbúra kóòtù. Wọ́n kọ ìwé kan pé àwọn ti rí i gbà. Ó parí síbẹ̀. Bí mo bá pè, wọ́n á ní ó wà lórí tábìlì ọ̀gá. Ṣé tábìlì náà ò ní etí ni?

Lóṣù tó kọjá, ọmọ aládùúgbò wa kan bá mi kọ ìwé FOI. Ohun tá a kọ nìyí: "Ẹ fún mi ní gbogbo ẹ̀sùn tí wọ́n ti fi kan Ọ̀gbẹ́ni Báyìí, àti fáìlì rẹ̀ lódindi." Ọjọ́ kẹfà ni èsì dé, ó tiẹ̀ yà mí lẹ́nu. Ìlà mẹ́rin péré: abala 14 òfin FOI, àṣírí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wọn ni, àwọn ò lè fún mi. Ó di ọjọ́ kọkànlá lónìí tí mo ti gbà á. Ṣé kí n gba lọ́yà ni, àbí kí n fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́?

Bàbá Régísítìrì, Ìlọrin:

Màmá, ẹ kú ìrọ́jú. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo fi tọ́jú fáìlì nílé iṣẹ́ ìjọba kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí lójú ẹni tó máa ń jókòó sẹ́yìn tábìlì. Ìwé tí ẹ kọ yẹn ló bá wọn ṣe é. Ẹni tó fèsì ò ṣe wàhálà kankan. Ó ṣí òfin FOI ti ọdún 2011, ó rí i pé abala 14 mẹ́nu ba fáìlì àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ tó ń fúnni níwèé àṣẹ iṣẹ́ tàbí tó ń bá oníṣẹ́ wí, ó dà á kọ, ó gba ilé lọ. Abala yẹn náà ló sì bo orúkọ ẹni tó bá mú ẹ̀sùn ìwà ọ̀daràn wá. Ẹ̀yin gan-an ò ní fẹ́ kí ẹni tó bá ṣáà ti béèrè máa ka ìwé ìbúra yín.

Iṣẹ́ wọn ni kí ẹ béèrè, ẹ fi ọkùnrin yẹn sílẹ̀ ná. Láti 2020 sí 2024, ẹ̀sùn mélòó ló wọlé lọ́dọọdún? Mélòó ló dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ọ̀rọ̀ wò, mélòó ló kọjá síwájú àwọn tó ń dájọ́? Èwo ni wọ́n dà nù, kí sì nìdí? Mélòó ló ti lé lọ́dún kan tí wọn ò tíì parí? Kí wọ́n sì fún yín ní ẹ̀dà ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé bí ẹ̀sùn bá dé. Kò sí orúkọ ẹnì kankan nínú gbogbo èyí, abala 14 ò rí ibi dúró sí.

Wọ́n lè ní àwọn ò ṣe irú àkójọ bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀, torí èmi náà ti sọ ọ́ rí. Nítorí náà ẹ fi ìlà kan kún un: bí kò bá sí àkójọ, ẹ fún mi ní ẹ̀dà ìwé ńlá tí ẹ ń kọ ẹ̀sùn sí bó ṣe ń wọlé, kí ẹ fi yíǹkì dúdú pa àwọn orúkọ rẹ́. Abala 18 ló gbà yín láyè: bí apá kan ìwé bá jẹ́ àṣírí, kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n fúnni ní ìyókù. Nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa, ibi tá a ń kọ ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ jáde sí, lápá ọ̀tún pátápátá, ni ọ̀gá tó bá mọṣẹ́ máa ń kọ́kọ́ wò. Bó bá ṣófo láti òkè dé ìsàlẹ̀, á kàn wo ojú wa.

Ti fáìlì tiyín, ẹ kọ ọ́ lọ́tọ̀: ẹ̀sùn tí èmi fúnra mi mú wá, ọjọ́ wo ló dé ọ̀dọ̀ ta ni? Ẹ ò ní láti sọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní, wọ́n lè fi méje mìíràn kún un bí ìwé bá pọ̀, kí wọ́n sì sọ fún yín. Owó ẹ̀dà nìkan ni kí wọ́n gbà.

Ọmọ Òmù-Àrán:

Bàbá, mo gbọ́ yín o, àmọ́ mo ti kọ irú ìwé yìí lẹ́ẹ̀mejì síbòmíràn, wọn ò tiẹ̀ dá mi lóhùn. Òfin ní ẹni tó bá fi ìwé du èèyàn láìtọ́ máa san ₦500,000. Èmi ò tíì rí ẹni tó san án. Màmá, awọnlẹ̀ yẹn gan-an ni kí ẹ gbé lọ kóòtù, kí ẹ gba owó yín. Kí lẹ fẹ́ fi oǹkà ṣe?

Bàbá Régísítìrì, Ìlọrin:

Ọmọ mi, òótọ́ ló sọ. FOI ò ní dá owó padà, kò sì ní gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kí Màmá gbé awọnlẹ̀ náà lọ kóòtù bí agbára bá wà, èyí ò dí ìyẹn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí ìwé wọn bá fi hàn pé ẹ̀sùn tó wọlé lẹ́yìn ti Màmá ti parí, àjọ náà á sọ ohun tó dá ti Màmá dúró. Bó bá sì jẹ́ pé ìkankan ò parí, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti ẹlẹ́lùbọ́ Ọ̀fà nìyẹn, ó di ohun tí èèyàn ń gbé lọ bá aṣojú rẹ̀ nílé aṣòfin.

Lọ́yà Kékeré, Ìlọrin:

Màmá, mo kí yín o. Ohun kan ni mo fẹ́ fi kún ti Bàbá. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni abala 20 fún ẹni tí wọ́n bá kọ̀ fún láti lọ sílé ẹjọ́. Mọ́kànlá ti lọ, ó ku mọ́kàndínlógún, ìwé tuntun ò sì dá kíkà ọjọ́ yẹn dúró. Ká ní èmi ni, mi ò ní gbé ti àkọ́kọ́ lọ, ìbéèrè náà ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ tó. Ẹ dúró títí wọ́n á fi kọ̀ láti fún yín ní ti ìwé kejì ná. Tó bá dé kóòtù, abala 24 ní àwọn ni wọ́n máa fi hàn adájọ́ pé ó tọ́ bí àwọn ṣe kọ̀, ẹ̀yin kọ́. Federal High Court sì ní ẹ̀ka níbí ní Ìlọrin.

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ Ọ̀fà:

Ẹ ṣé o, ẹ ṣeun gan-an. Ọlọ́run á bá mi san án fún yín. Ìwé méjì ló jáde níkẹyìn, ọ̀kan fún oǹkà, ọ̀kan fún fáìlì mi. Ìlà yíǹkì dúdú yẹn wà níbẹ̀. Mo fi ránṣẹ́ láti pósítọ́fíìsì, mo sì so rìsíìtì mọ́ ìwé sọ́fè. Ọmọ yẹn yẹ̀ ẹ́ wò lórí fóònù, ó ní wọ́n ti buwọ́ lù ú l'Abuja lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Ògiri ṣọ́ọ̀bù ni mo ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí fún àwọn tó jẹ mí lówó ẹ̀lùbọ́. Mo ti ya àyè sọ́tọ̀ fún àjọ náà lápá òsì. Ìlà méjì ti wà níbẹ̀.