Ẹ gbà mí o: kíbọ́ọ̀dù òde òní wo ló bá kọ̀ǹpútà àtijọ́ mu?

Àṣàkẹ́_T
Ẹ jọ̀ọ́, kíákíá ni mo fẹ́ ìmọ̀ràn yìí. Kíbọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà àtijọ́ mi ti bàjẹ́, Sátidé ni mo sì fẹ́ gbé e kalẹ̀ kí àwọn ọmọdé wá wo bí géèmù ṣe rí láyé ọjọ́un. Èwo ni kí n rà?

Àgbà_Wáyà
Ihò ẹ̀yìn rẹ̀ ńkọ́? Bó bá jẹ́ róbótó ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún, ẹ ṣọ́ra. Ojú kan náà ni XT àti AT, kọ̀ǹpútà IBM àtijọ́ méjì, ní, èdè wọn ni kò papọ̀. Kíbọ́ọ̀dù PS/2 (irú tí à ń lò kí USB tó dé) á bá AT ṣiṣẹ́, kò ní dá XT lóhùn.

Olóògbón
Géèmù ló wí, ẹ ń ka XT fún un. Amiga, kọ̀ǹpútà Commodore táwọn èèyàn fi ń ta géèmù, nìyẹn. Bó bá jẹ́ Amiga 4000, ihò rẹ̀ jọ ti PS/2 bí ìbejì, ṣùgbọ́n ẹ má ki PS/2 bọ̀ ọ́ o.

Àṣàkẹ́_T
Ẹ má bínú, Commodore 64 (C64) ni. Kò sí ihò kíbọ́ọ̀dù kankan, ara ẹ̀rọ náà ni kíbọ́ọ̀dù wà.

Ọmọ_Ẹlẹ́rọ
Háà! Ẹ ò bá ti sọ bẹ́ẹ̀. Kíbọ́ọ̀dù C64 kì í sọ̀rọ̀ rárá. Bọ́tìnnì 66 lásán ni, tí gbogbo wọn àfi RESTORE wà lórí wáyà mẹ́jọ tó dábùú mẹ́jọ mìíràn, chip CIA 6526 ló ń yẹ̀ wọ́n wò láti mọ ibi tí ìka wà. Ti USB ní tirẹ̀ ń fi chip inú rẹ̀ ránṣẹ́. Àfi kẹ́ ẹ fi ògbufọ̀ sáàárín wọn: Arduino (bọ́ọ̀dù kékeré tí èèyàn lè kọ́ níṣẹ́) pẹ̀lú chip MT8808, tí yóò máa so wáyà méjì pọ̀ bí ẹni pé ọwọ́ ló tẹ̀ ẹ́.

Ojú_Mi_Rí_To
Ẹ SÁ FÚN ÒGBUFỌ̀ YẸN! Mo ra ọ̀kan lọ́wọ́ ẹnì kan, mo kì í bọ ẹsẹ̀ 20 inú ẹ̀rọ, àṣé òdì ni mo kì í. Mo tan iná. Èéfín ò jáde, ariwo ò sí, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà kò sí bọ́tìnnì tó dáhùn mọ́. CIA ti lọ. Mo kọ̀wé sí ẹni tó tà á, ó ní ọwọ́ mi ló ṣe é.

Àgbà_Wáyà
Ọwọ́ yín náà ni. Ipò kejì kò ní ẹsẹ̀, torí kéèyàn lè mọ apá tó kọjú sí ni. Ẹsẹ̀ kẹrin sì gbé iná 5V.

Ojú_Mi_Rí_To
Èyí tí wọ́n tà fún mi kò dí ihò kejì. Ṣé kí n máa fi tọ́ọ̀ṣì ka ẹsẹ̀ ni?

Olóògbón
Ẹni tó ń ṣí ẹ̀rọ ọdún 1982, tọ́ọ̀ṣì yẹ kó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ojú_Mi_Rí_To
Ẹ kú ọgbọ́n o. Ẹ̀rọ tiyín kọ́ ló kú.

Ọmọ_Ẹlẹ́rọ
Ẹ fi ìjà sílẹ̀. Ti èmi ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ohun tó ń dà mí láàmú ni àmì orí bọ́tìnnì: SHIFT àti 2 lórí C64 ń gbé " jáde, lórí kíbọ́ọ̀dù Amẹ́ríkà ó di @. Mo ní kí ipò bọ́tìnnì máa borí.

Olóògbón
Rárá, ohun tó wà lórí bọ́tìnnì ni kó jáde! Kí lẹ wá kọ ọ́ síbẹ̀ fún?

Páwà_Lákọ̀ọ́kọ́
Kíbọ́ọ̀dù, kíbọ́ọ̀dù. Àṣàkẹ́, ṣé páwà páàkì dúdú tó bá ẹ̀rọ yẹn wá lẹ ṣì ń lò? Bó bá gbó, iná 5V rẹ̀ lè gòkè, kó sì jó àwọn chip RAM, ìyẹn chip ìrántí ẹ̀rọ. Ẹ yọ ọ́ lónìí.

Alákòókò
Kíbọ́ọ̀dù VIC-20, kọ̀ǹpútà Commodore tó ṣáájú, bá C64 mu, ẹsẹ̀ kan náà ni wọ́n ní. Bẹ́ ẹ bá rí i, ọ̀rọ̀ parí.

Ìyá_Joystick
Kò tíì sẹ́ni tó bèèrè. Bọ́tìnnì wo gan-an ló kú?

Àṣàkẹ́_T
3, 4, W, E, A, S, Z àti SHIFT apá òsì. LOAD, àṣẹ tó ń gbé géèmù wọlé, gan-an ò ṣeé tẹ̀, torí A.

Ìyá_Joystick
Ẹ gbọ́ nǹkan! Ìlà kan ṣoṣo ni gbogbo wọn wà, PA1, ọ̀kan lára àwọn wáyà tí CIA ń yẹ̀ wò. Ìdọ̀tí kì í to bọ́tìnnì pa lẹ́sẹẹsẹ báyìí. Wáyà kan ló já, tàbí ẹsẹ̀ CIA kan ló kú. Ẹ tẹ L, kẹ́ ẹ di SHIFT ọ̀tún mú, kẹ́ ẹ tẹ O. Àmì kan bí igun ló máa hàn, ẹ má bẹ̀rù, LOAD lẹ̀rọ máa kà á sí. Ẹ wá fi "*",8,1 tẹ̀ lé e. ($ ò ní ṣeé tẹ̀, orí 4 ló wà, ẹ ò ní rí orúkọ ohun tó wà lórí dísìkì.) Bí géèmù bá ti wọlé, ẹ ki joystick (ọ̀pá tí a fi ń darí géèmù) bọ ihò 2, kẹ́ ẹ fà á wálẹ̀. PA1 kan náà nìyẹn ń lò. Bó bá dáhùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé CIA yè.

Àṣàkẹ́_T
Ó WỌLÉ! Joystick sì ń lọ sísàlẹ̀.

Ìyá_Joystick
Wáyà ni, mo wí bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣí ẹ̀rọ, kẹ́ ẹ wo ibi tó ti já, kẹ́ ẹ fi lẹ́ẹ̀dì jó o padà. Bó bá wá jẹ́ pé inú kíbọ́ọ̀dù gan-an ni, ẹ kọ́kọ́ jó wáyà méjì SHIFT LOCK kúrò kẹ́ ẹ tó tú àwọn sukúrúù wẹ́wẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ má ra nǹkan kan.

Àṣàkẹ́_T
Mi ò ní rà, mi ò sì ní ṣí i. Ẹ̀rù ń bà mí. Joystick làwọn ọmọ fẹ́ lò, kì í ṣe W. Mo ti kọ "L, SHIFT ọ̀tún + O" sórí bébà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Ẹ ṣeun gan-an.

Ìyá_Joystick
Wáyà kan ṣoṣo, Àṣàkẹ́!

Ojú_Mi_Rí_To
Ẹ fi í sílẹ̀, ó gbọ́n jù mí lọ.

Páwà_Lákọ̀ọ́kọ́
Páwà páàkì ńkọ́?